Ẹkún Tí Mo Sun ní Agbówà

Ẹ má bi mí nípa fíìmù yẹn. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo jẹ́ ìyàwó Mobọ́lájí òṣèré rí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn nìyẹn. "Ìyá, obìnrin tó sunkún níbẹ̀ yẹn mà mọ eré ṣe o. Ta ni?" Wọn ò mọ̀ pé èmi ni. Ojú mi ti yí padà, "Ìyá" lásán ni wọ́n mọ̀ mí sí, mi ò sì ṣe fíìmù mìíràn mọ́ láyé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe ayẹyẹ fún un ní Ìkòròdú, pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣeré. Wọ́n tún gbé ẹkún náà sí ara ògiri gbọ̀ngán, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ̀ mí sílẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Kò sí eré nínú ẹkún yẹn, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi ń ta ẹja ní ọjà ẹja tó wà létí ọ̀sà. Bàbá mi, Alhaji Yísà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́sáláásí àdúgbò wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, àmọ́ bó bá di Sátidé, mo máa ń jókòó ti ìyá mi lọ́jà. Sátidé kan ni àwọn onífíìmù dé. Ọmọkùnrin gíga kan wá síwájú ìyá mi, ó gbé ẹja àrọ̀ ńlá kan, ó ná an, ìyá mi dá a lóhùn, ó yísẹ̀ padà. Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó gbé ẹja kan náà, ó tún béèrè iye kan náà.

Ìyá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní ká tún un ṣe ni. Ariwo ọ̀kadà ló bà á jẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ohun kan náà léraléra, títí ọ̀kan á fi wu dàírẹ́kítọ̀. Ìyá mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún dé, ó gba ẹja rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. "Bó o bá máa rà, rà. Ẹja yìí ti kú lẹ́ẹ̀kan, o tún ń fọwọ́ pa á."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí tí dàírẹ́kítọ̀ wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Ajíbọ́lá, fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mobọ́lájí, ọmọkùnrin gíga yẹn, dá wá láti Ìgbògbò, kò sí kámẹ́rà, kò sí Ajíbọ́lá. Ó ra ẹja àrọ̀ kan, kò ná an rárá. Ìyá mi ká owó náà sínú àpò, ó sì wò mí.

"Ẹni tí kò ná ọjà yìí, kì í ṣe ẹja ló wá rà," ó ní.

Àǹtí Munirah ló ṣe alárinà wa. Àbúrò ìyá mi ni, Ìgbògbò ló fẹ́ ọkọ sí, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe. Mobọ́lájí wá a rí, ó sì sọ ọ́ di ilé ìfìwéránṣẹ́. "Mùlíkátù," Àǹtí á ní, "ọmọkùnrin yìí ò jẹ́ n ráyè ránṣọ mọ́. Bí mo bá ti ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ báyìí, ó ti dé. Ó ní kí n kí ẹ. Mo ní mo ti kí i lánàá. Ó ní àná ti lọ."

Ọkàn mi ń fẹ́ ẹ, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Mo ti rí i ní ipa kékeré nínú fíìmù mélòó kan níbi tó ti ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ojú tó fi ń wò wọ́n ló fi ń wo èmi náà. Lọ́jọ́ kan, mo bi í létí ọ̀sà pé, "Kí ni ìyàtọ̀ èmi àti àwọn yẹn?"

"Àwọn yẹn, bí a bá ti parí, mi ò rántí orúkọ wọn mọ́," ó ní. "Orúkọ tìẹ, mo ń pè é nínú mọ́tò. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí lánàá pé ta ni mò ń pè."

Ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn tí kò rọ̀, kí ó wá kọ́ mi.

Bàbá mi ò rọ̀ ní tiẹ̀. Ọjọ́ tí Àǹtí Munirah kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, èmi ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Iṣẹ́ kí ló ń ṣe?"

"Òṣèré ni, Alhaji."

"Ẹni tó ń sunkún gbowó. Mo rí i ní ilé Lèmọ́mù nínú fíìmù kan, ó ń sin ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Alhaji. Wọ́n wà ní Ìgbògbò."

"Wọ́n wà láàyè, ọmọ wọn ń sin wọ́n." Bàbá mi nawọ́ sí i. "Munirah, dìde. Báwo ni èmi ṣe máa mọ ìgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń sọ òótọ́?"

Ó lé lọ́dún kan tó fi kọ̀. Mobọ́lájí ò bínú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á wọkọ̀ láti Ìgbògbò wá kírun ní mọ́sáláásí wa, á tò sí ìlà tó wà lẹ́yìn bàbá mi, á kí i, á sì máa lọ. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó yá, bí kò bá wá, bàbá mi á máa wo ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí nìyẹn. Kí wọ́n tó so yìgì wa, bàbá mi pe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Mo fún ẹ lọ́mọ. Iṣẹ́ rẹ, tìẹ ni. Má mú ọmọ mi wọ inú fíìmù." Mobọ́lájí dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

A gbádùn ara wa ní Ìgbògbò, mi ò ní parọ́. Wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé kan nítòsí ilé wa. Ipa kékeré-kékeré ni wọ́n ṣì ń fún un nígbà náà, ọlọ́pàá tí kì í sọ̀rọ̀, dókítà tó ń sọ pé aláìsàn ti kú. Á dé, á sì ṣe gbogbo rẹ̀ fún mi nílé, á kú, á jí, màá rẹ́rìn-ín débi tí ọbẹ̀ á fi jóná. Ọmọ nìkan la ò tíì rí.

Lọ́dún kejì ni Ajíbọ́lá fún un ní ipa ńlá. Agbówà ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú àgbàlá bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọláwùmí. Ọgbẹ́ inú ń da Mobọ́lájí láàmú, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo bá gbogbo wọn tí wọ́n káwọ́ lérí. Obìnrin tó fẹ́ ṣe ìyàwó rẹ̀ nínú fíìmù dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìkòròdú, oòrùn sì ń lọ. Ajíbọ́lá gbójú sókè, ó rí mi.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ dákun, ẹ gbà wá."

Kò le, wọ́n ní. Ọkọ máa kọ ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ́ Sàfúrà sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ìyàwó á sunkún, ó parí. Mo ní bàbá mi ò fẹ́. Mobọ́lájí fà mí lọ́wọ́ sẹ́yìn ilé.

"Mùlí, mo mọ ohun tí mo bá Bàbá sọ. Àmọ́ fíìmù yìí ló máa gbé wa kúrò nínú yàrá kan. Bí a ò bá rí i ṣe lónìí, Ajíbọ́lá á lé gbogbo wa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo jáde síta.

Ó dúró síwájú mi, ó ní, "Sàfúrà, mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Máa lọ sílé bàbá rẹ." Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n ní ká tún un ṣe. Ó tún sọ ọ́, lọ́tẹ̀ yìí mi ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ò jáde lójú mi. Ajíbọ́lá pòṣé. "Ojú yìí gbẹ jù. Ẹ tún un ṣe."

Ibẹ̀ ni Bàbá Ọláwùmí ti dìde lórí àga rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. "Ẹ dákun," ó ní, "mo gbọ́ tí ẹ̀ ń pè é ní ìyàwó wa. Ṣé ìyàwó ẹ̀ ni lóòótọ́, nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Mobọ́lájí fèsì.

"Háà, ẹ dúró. Yìgì síso àti ìyàwó kíkọ̀, kò sí àwàdà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣeré, òótọ́ ni wọ́n kà á sí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé kéwú nìyẹn. Torí pé o ń fi orúkọ ẹlòmíì pè é ni mo ṣe dákẹ́. Ẹ wá obìnrin mìíràn, ọmọ mi."

Mo ní, "Bọ́lájí, jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

Ó wo bàbá náà, ó wo Ajíbọ́lá, ó wo oòrùn. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, Mùlí," ó ní. "Orúkọ Sàfúrà náà ni. Kò sí nǹkan kan."

Wọ́n tan kámẹ́rà. Ó súnmọ́ mi, ó wò mí gẹ́gẹ́ bí kò ṣe wò mí rí, ó sì ní, "Mùlíkátù, ọmọ Yísà. Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Máa lọ sílé bàbá rẹ."

Orúkọ mi ló pè. Mo dúró pé kó rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí Bàbá Ọláwùmí ń sọ pé "Lá ìláhà ìlálláhù" lẹ́yìn mi. Mo jókòó sínú iyanrìn, mo sunkún, ẹkún tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Kámẹ́rà sì ń súnmọ́ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti gbé Mobọ́lájí sí èjìká, Ajíbọ́lá ń jó.

Nínú mọ́tò tó gbé wa padà, mo bi í pé, "Kí ló dé tó o fi pe orúkọ mi?"

"Ojú rẹ gbẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, omi á jáde."

"O sì gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ."

"Mo gbọ́." Ó di ọwọ́ mi mú. "Àmọ́ o ò rí ara rẹ, Mùlí. O ò mọ bó ṣe dára tó."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ fi dé Ẹ̀pẹ́, láti ẹnu àwọn oníkéwú tí wọ́n mọra wọn. Bàbá mi fúnra rẹ̀ wá sí Ìgbògbò. Kò jókòó.

"Ṣé ó pe orúkọ rẹ?"

"Ó pè é, Bàbá."

"Gbé ẹrù rẹ."

Àwọn àáfà jiyàn lé e lórí. Àáfà kan ní Ìkòròdú ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà ló ṣe kókó. Òmíràn ní ìgbéyàwó ti tú pátápátá. Lèmọ́mù wa ní Ẹ̀pẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní àwọn ti àkọ́kọ́, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe é, òun ò kà wọ́n sí. Èyí tó fi orúkọ mi pè, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un, ìyẹn ni òun kà sí. Àmọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ẹyọ kan ni. Kí n tó rí nǹkan oṣù mi lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ mi lè gbà mí padà. Kó wá síwájú ẹlẹ́rìí, kó ní òun gba ìyàwó òun padà, ó tán, kò sí yìgì tuntun, kò sí ìnáwó.

"Gbólóhùn kan ni," ni bàbá mi sọ fún Àǹtí Munirah. "Sọ fún un kó wá sọ ọ́. Bó bá jẹ́ kó kọjá, mi ò ní fi ọmọ mi fún un lẹ́ẹ̀kejì."

Mo dúró. Àǹtí lọ, Àǹtí bọ̀. Ó ní ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ dé, wọ́n ti pè é sí iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ó ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Láàárín ìyẹn ni fíìmù jáde, ayé sì gbọ́. Àwọn ọmọ kékeré ń tẹ̀ lé e ní títì Ìkòròdú, wọ́n ń sọ gbólóhùn náà tẹ̀lé e, pẹ̀lú orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Munirah tún wá, kò lè wò mí lójú. "Ó ní Ajíbọ́lá ò jẹ́ kí òun wá. Pé bí òun bá lọ síwájú Lèmọ́mù lọ gbà pé òótọ́ ni, àwọn oníròyìn á gbé e kiri, wọ́n á ní ó kọ ìyàwó ẹ̀ torí fíìmù, ọjà á dàrú. Ó ní kó o ní sùúrù kó rọlẹ̀."

Mo lọ sí ilé aládùúgbò wa tó ní fóònù, mo pè é. Ariwo pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ́lájí, wá sọ gbólóhùn kan."

"Mùlí, ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kọ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀. Wá sọ ọ́."

"Kí n wá máa bẹ̀bẹ̀ níwájú àwọn àgbà nítorí eré? Ìwọ tó mọ̀ mí?"

"Oṣù mi kù díẹ̀, Bọ́lájí. Mò ń bẹ̀ ẹ́."

"Màá wá," ó ní. Ẹnì kan pè é, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo gbàdúrà pé kí n ti lóyún láìmọ̀, torí bó bá jẹ́ oyún ni, ìdúró náà á gùn títí màá fi bímọ. Ní gbogbo àárọ̀ mo máa ń yẹ ara mi wò kí n tó lè kí ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá mi bá mi níbi tí mo jókòó sí nínú balùwẹ̀. Ó lọ sọ fún bàbá mi, mo sì gbọ́ tí bàbá mi ń mí kanlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Mobọ́lájí dé. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń polówó fíìmù ló gbé e wá, àwòrán ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Ó dúró níta, ó ń pè mí, "Mùlí, Mùlí," àwọn èèyàn sì pé lé e lórí. Ọkùnrin kan pariwo láàárín wọn pé kó ṣe ibi ìkọ̀sílẹ̀ yẹn fáwọn díẹ̀. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó juwọ́. Mo sọ aṣọ fèrèsé sílẹ̀.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ Ọláòtán, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹni jẹ́jẹ́ tí aya rẹ̀ ti kú. Ó ṣe dáadáa sí mi. Kò jẹ́ kí fíìmù Agbówà wọ ilé wa, àmọ́ bí Mobọ́lájí bá ṣe òmíràn, ó máa ń rà á wálé, a ó jọ wò ó, kò sì ní bi mí ní nǹkan kan. Mo rí Mobọ́lájí tó ṣe olè, mo rí i tó jọba, mo rí i tó di bàbá arúgbó kí irun rẹ̀ gan-an tó funfun. Wọ́n ní ó fẹ́ ìyàwó méjì lẹ́yìn mi, kò sí èyí tó jókòó. Bàbá mi kú. Ọláòtán náà kú.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ayẹyẹ Ìkòròdú, Àǹtí Munirah pè mí pé òun ń mú ẹnì kan bọ̀. Kò sọ orúkọ, mi ò béèrè. Mo gbálẹ̀, mo tún un gbá. Mo wọ ìró àti bùbá tí mi ò wọ̀ láti ọdún Iléyá, mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé, Mùlíkátù, àgbàlagbà ni ẹ́. Àyà mi ò gbọ́.

Ó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Àǹtí, tó ti di arúgbó báyìí, jókòó, ó ní, "Mùlíkátù, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nígbà náà ò parí lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn mọ́. Gbọ́ tẹnu ẹ̀."

Mobọ́lájí di àga mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, mo rí i.

"Mùlí," ó ní, "mo kọ́lé. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sùn rí. Èmi fúnra mi ni mò ń gbá a láràárọ̀. Bó o bá ní o ò wá, màá tì í pa, màá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ọ̀sà."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí náà ti ń nu ojú. Gbogbo ara mi rọ̀, mo ti na ọwọ́ láti gbé e dìde. Ó dúró díẹ̀, ó gbé itọ́ mì, ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ìgbà náà ni mo wá mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Obìnrin kan tó wọ léèsì aláwọ̀ ewé ló sọ ọ́ fún nínú fíìmù rẹ̀ kan, níwájú ilé ńlá. Èmi àti Ọláòtán la jọ wò ó. Ibi tó ti dúró níbẹ̀ náà ló dúró sí lọ́dọ̀ mi.

Mo bá a parí ẹ̀. "'Kí ẹja máa bá mi tọ́jú ẹ̀.'"

Ó gbójú sókè. Mo rò pé ojú á tì í. Omi ojú ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmọ́ gbogbo ojú náà ti tàn.

"O wò ó?" ó ní.

"Mo wò ó."

"Apá kìíní ni, àbí apá kejì?"

"Apá kejì."

"Apá kejì ló dùn jù." Ó dìde, kò tiẹ̀ di àga mú. "Ṣé o mọ̀ pé Ajíbọ́lá fẹ́ gé ibẹ̀ yẹn kúrò? Èmi ni mo ní rárá. Ibi tí mo ti dúró díẹ̀ yẹn ńkọ́, Mùlí? Ṣé ó hàn dáadáa?"

Àǹtí Munirah ti dáwọ́ ẹkún dúró. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ó hàn," mo ní.

Inú rẹ̀ dùn gan-an. Láti ìgbà tó ti wọlé, ìyẹn nìkan ni mo gbà gbọ́.